Irinwó Lítà Lẹ́yìn Ọnárébù

Ẹ má bi mí léèrè orúkọ kánsù tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ Rẹ́mọ ni, ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ á ní mo tú àwọn láṣìírí, àwọn kánsù tó kù á sì bínú pé kí ló dé tí mi ò dárúkọ tiwọn, nítorí mi ò tíì rí èyí tí kò ní irú alága tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo máa tọrọ lọ́wọ́ yín: ẹ gbà mí láyè kí n máa pe ọkùnrin náà ní "ó". Mo mọ̀ pé ó dàgbà jù mí lọ. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ tó ti lò lórí àga, ó ti gba "wọ́n" tó èyí tó lè máa jẹ títí ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Bọ̀wálé Afọláyan ni orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ làwa tí a jọ dàgbà ládùúgbò ṣe mọ̀ ọ́n. Nínú ìwé kánsù, orúkọ náà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: Ọlọ́lá Jùlọ, Olóyè, Alàgbà, Dókítà Bọ̀wálé Afọláyan, Atúnlùúṣe Àkọ́kọ́. Ẹ má bi mí ibi tó ti kàwé dókítà. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló lọ sí Kùtọnù, nígbà tó fi máa dé ní ìrọ̀lẹ́, dókítà ti bá a dé.

Ilé epo kan nítòsí oríta Ṣàgámù ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Epo wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn ọkọ̀ ti tò láti ẹnu ilé epo títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta táyà lẹ́bàá ọ̀nà. Ọnárébù dé nínú jíìpù rẹ̀, fèrè ń ké, iná orí ọkọ̀ ń ṣẹ́jú, ó sì ní kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lọ síwájú. Bí wọ́n ṣe fẹ́ wọlé ni obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ akẹ́rù tó kó obì, ó lọ dúró síwájú jíìpù náà, ó káwọ́ sẹ́yìn. Alhaja Sàdíátù ará Ibido ni. Ó ti ń ta obì kí wọ́n tó bí alága.

Sàláwù, tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ pàtàkì fún alága lórí ọ̀rọ̀ ìròyìn àti lórí ọ̀rọ̀ ìyìn, yọ orí lójú fèrèsé. "Ìyá, ṣé ẹ mọ ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yìí ṣá?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Alhaja wí. "Mo mọ ìyá rẹ̀ náà. Ìyá rẹ̀ máa ń tò."

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pọ̀, èèyàn méje tàbí mẹ́jọ ni, ṣùgbọ́n ó ti tó. Jíìpù náà fi ẹ̀yìn rìn, ó ń fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn onítáyà. Wákàtí méjì ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Atúnlùúṣe Àkọ́kọ́ fi jókòó síbẹ̀, tí àwọn tó ń ta gúgúrú ń kan gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tó délé, kò jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe gbogbo kánsẹ́lọ̀ jọ, ó sì dìde.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "ìtìjú tó bá mi lánàá, kì í ṣe èmi ló bá. Ìjọba ló bá. Nígbà tí mo jókòó sórí ìlà, ìjọba ló jókòó sórí ìlà. Nígbà tí oòrùn ń pa mí, ta ni oòrùn ń pa?"

"Ìjọba ni, sà," ni gbogbo wọ́n dáhùn.

"Nígbà tí ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, tí mi ò rí ibi tí màá tọ̀ ọ́ sí ńkọ́?"

Àwọn kánsẹ́lọ̀ wo ara wọn díẹ̀. "Ìjọba náà ni, sà."

Òfin méjì ló jáde nínú ìpàdé náà kí wọ́n tó pín mínírà. Èkíní, ilé epo kankan lábẹ́ kánsù kò gbọdọ̀ ta epo sínú kẹ́ẹ̀gì fún ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí Ọnárébù ti fi ojú ara rẹ̀ rí ọkùnrin kan tó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ tó sì kọjá lára rẹ̀ lọ rà. Ilé epo tó bá tà á, títì ni wọn yóò tì í pa. Èkejì, wọn kò gbọdọ̀ rí ọkọ̀ alága ní ilé epo kankan mọ́ láéláé. Èkíní rọrùn láti ṣe, torí àwa aráàlú ni yóò jìyà rẹ̀. Èkejì ló gba ìrònú.

Sàláwù ló rí ọ̀nà. Ó ní àwọn tó ń wa pikọ́ọ̀pù onídísù lọ sí òkè Ọya máa ń ṣe táńkì kejì sẹ́yìn ọkọ̀, ńlá gbàgbà, wọ́n á rọ ọ́ kún, wọ́n á lọ, wọ́n á bọ̀, wọn ò ní wo ẹnu ilé epo. Ọnárébù gbọ́ "wọn ò ní wo ẹnu ilé epo", ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná. Ó béèrè bóyá kánsù ní pikọ́ọ̀pù onídísù. Wọ́n ní ọ̀kan péré ni. Ó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní Ìlárá Rẹ́mọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí pikọ́ọ̀pù yẹn ń ṣe ní Ìlárá kí inú tó bí mi jù. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Kareemat, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Òun ló tẹ́ fọ́ọ̀mù sẹ́yìn ọkọ̀ náà, tó ní kí wọ́n fi tapólì bò ó lókè. Bí aláboyún bá ń rọbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju agbára ilé ìwòsàn kékeré lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, Hàrúnà awakọ̀ á sì gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá ní Ṣàgámù. Obìnrin mọ́kànlélógún ló ti gbé bẹ́ẹ̀, mọ́kànlélógún ló sì gbé ọmọ padà wálé. Lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni alága fẹ́ gbé táńkì lé.

Ó lọ mú un fúnra rẹ̀. Kareemat jáde sí i pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo ní aláboyún márùn-ún tó máa bí láàárín oṣù yìí. Ọ̀kan nínú wọn ni tíṣà wa, Látífàt. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Bó bá ti ń rọbí báyìí, Ṣàgámù ló gbọ́dọ̀ sáré lọ. Bó bá pẹ́, ẹ̀mí ni, sà. Ẹ̀mí méjì."

Ọnárébù fi ohùn tó fi ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ dá a lóhùn. "Nọ́ọ̀sì, ṣé kò sí ọ̀kadà ní Ìlárá ni?"

"Ó wà, sà."

"Èwo ló yára jù, ọ̀kadà àbí pikọ́ọ̀pù?"

"Ọ̀kadà ni, sà, ṣùgbọ́n aláboyún tó ń rọbí..."

"Ṣé o rí i? Oore ni mo ń ṣe yín." Ó yíjú sí Sàláwù. "Kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo mú ọ̀rọ̀ àwọn aláboyún yára sí i."

Sàláwù kọ ọ́ sílẹ̀. Hàrúnà, tí kò sí ẹni tó bi í léèrè ohunkóhun, wakọ̀ náà lọ. Fọ́ọ̀mù nìkan ni Kareemat rí yọ sílẹ̀, ó gbé e wọlé, ó sì fi í ti ògiri.

Mọ́ṣúdù ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, wẹ́dà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ẹ̀pẹ́, nínú Ṣàgámù. Mọ́ṣúdù kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, torí ojú iná ló ń wò látàárọ̀ dalẹ́. Ó wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó béèrè pé lítà mélòó.

"Ẹgbẹ̀rún kan," ni Ọnárébù wí.

"Ẹ̀yìn ọkọ̀ á jókòó sílẹ̀, sà. Imú rẹ̀ á máa wòkè."

"Ibo lo fẹ́ kí imú ọkọ̀ alága máa wò?"

Wọ́n dúnàádúrà títí, wọ́n sì fẹnu kò sórí irinwó lítà. Ọjọ́ mẹ́jọ ni Mọ́ṣúdù fi ṣe é. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fi irin gé inú rẹ̀ sí yàrá yàrá kí dísù má baà máa lọ síwá sẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Ó fa páìpù kan láti ìdí rẹ̀ lọ sínú táńkì tó bá ọkọ̀ dé, pé bí tìsàlẹ̀ bá ṣe ń lọ sílẹ̀, kí tòkè máa sàn sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí ẹ̀rọ kankan. Lókè, ó ṣe ìdérí kan tó ní ihò kékeré láàárín.

Ihò yẹn ni Ọnárébù kọ́kọ́ rí nígbà tó wá wo iṣẹ́. "Kí lèyí? O lu táńkì mi."

"Ihò ìmí ni, sà. Bí dísù bá ń jáde nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé lókè. Bí afẹ́fẹ́ ò bá wọlé, dísù ò ní jáde." Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì wọlé. "Bíi mílíìkì inú agolo ni, sà. Bí ẹ bá fẹ́ dà á sínú tíì, ihò méjì lẹ máa ń lù."

"Ṣé mo jọ ẹni tó ń lu mílíìkì fúnra rẹ̀ ni?"

Òtítọ́ ni, kò jọ ọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń bá a lù ú.

Èèyàn tó lórí pípé á ti gbé ọkọ̀ lọ lẹ́yìn èyí, á máa jẹ ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, nǹkan tí alága bá ṣe tí kò bá ṣí i, tí kò sí pátákó ìrántí lára rẹ̀, kò tíì ṣe é. Wọ́n ti ṣí káńga tí kò lómi. Wọ́n ti ṣí afárá ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí èèyàn lè fò kọjá. Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu nígbà tí ìwé ìpè dé pé wọ́n fẹ́ ṣí táńkì.

Wọ́n ta kánópì méje sí pápá kánsù. Wọ́n gbé pikọ́ọ̀pù náà sáàárín, wọ́n fi aṣọ àlà bo táńkì lórí. Àwọn aláàfáà gbàdúrà, àwọn pásítọ̀ gbàdúrà, àwọn méjèèjì sì ń wo ara wọn pé ta ni yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Sàláwù gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Àwọn alága kan wà," ó ní, "tí wọ́n ṣe ojú ọ̀nà. Ojú ọ̀nà ń bàjẹ́. Àwọn kan kọ́ ilé ìwé. Òjò ń ṣí òrùlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló tíì gbé odò dísù lé ẹ̀yìn ọkọ̀ rí? Ta ló ronú kan àwa tí a máa ń rí ọkọ̀ alága lórí ìlà tí ọkàn wa máa ń gbọgbẹ́? Ọnárébù, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọpọlọ yín pa yín. Ẹ máa sinmi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

Ọnárébù nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú áńkáṣíìfù. Mo rí i fúnra mi, omijé gidi ni.

Ibi pátákó ìrántí ni Mọ́ṣúdù ti dìde. Pátákó náà kì í ṣe kékeré. Idẹ ni, ó fẹ̀ tó orí táńkì fúnra rẹ̀, wọ́n ya àwòrán Ọnárébù sí i láti orí dé àyà, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun ló ronú rẹ̀, òun ló ṣe é, òun ló ṣí i. Wọ́n ti fi rọ́bà yí etí rẹ̀ ká kí eruku má baà wọnú dísù alága, wọ́n fi gọ́ọ̀mù líle kùn ún, wọ́n sì ń fi súkúrù mẹ́jọ dè é mọ́ orí táńkì, ó sì bo ìdérí, ihò àti gbogbo rẹ̀.

"Bọ̀dá Sàláwù," ni Mọ́ṣúdù wí lábẹ́lẹ̀, "ẹ ti dí ihò ìmí pa. Ẹ jẹ́ kí n lu pátákó yẹn níbì kan ṣoṣo."

"Níbo?"

Mọ́ṣúdù fi ìka hàn án. Àárín iwájú orí Ọnárébù gan-an ni.

"O fẹ́ lu alága níwájú orí lójú gbogbo ayé?"

"Tí ẹ bá fẹ́ rọ dísù sí i nígbà tó bá tán ńkọ́?"

"A ó ṣí pátákó náà, a ó rọ ọ́, a ó sì tún ṣe ayẹyẹ mìíràn," ni Sàláwù dáhùn, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó ti ń ka iye kánópì.

Mọ́ṣúdù padà sọ́dọ̀ Hàrúnà tó jókòó sí ìdí ọkọ̀. Ó ní, "Bó bá kú fún yín lójú ọ̀nà, pátákó yẹn ni kẹ́ ẹ yọ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ." Hàrúnà mi orí. Bí ẹ bá mọ Hàrúnà, ẹ mọ̀ pé bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọnárébù kò sọ̀ kalẹ̀ nínú pikọ́ọ̀pù náà àfi láti sùn. Ó lọ sí gbogbo ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tó bá ti rí ilé epo tí ọkọ̀ tò sí, á ní kí Hàrúnà rọra, á sọ gíláàsì sílẹ̀, á juwọ́ sí àwọn tó wà lórí ìlà. Dísù tó wà nínú táńkì ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń sun ní gbogbo àkókò yìí. Ti òkè, lẹ́yìn ìwọ̀n díẹ̀ tó kọ́kọ́ sàn, kò sàn mọ́, torí kò rí afẹ́fẹ́ gbà.

"Sà, gèéjì ń lọ sílẹ̀ o," ni Hàrúnà wí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

"Gèéjì wo? Irinwó lítà ló wà lẹ́yìn mi."

Ní Ọjọ́bọ̀, Hàrúnà tún sọ̀rọ̀, èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. "Ó ti fẹ́ kan pupa, sà."

"Hàrúnà, àwọn tó ṣe gèéjì yẹn, ṣé wọ́n mọ̀ pé màá fi táńkì mìíràn kún ọkọ̀ yìí?"

"Wọn ò mọ̀, sà."

"Kí wá ni gèéjì mọ̀?"

Sàláwù bá wọn parí ọ̀rọ̀ náà. Ó mú sítíkà tí wọ́n tẹ àwòrán alága sí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú gèéjì. Láti ìgbà náà, nígbàkígbà tí Hàrúnà bá fẹ́ mọ iye dísù tó kù, Ọnárébù ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

Ní Ìlárá ní tiwọn, wọ́n ń lo ọ̀kadà tí alága fi ta wọ́n lọ́rẹ. Méjì nínú àwọn aláboyún márùn-ún ti bí. Wọ́n gbé ẹnì kejì sáàárín ọlọ́kadà àti ìyá ọkọ rẹ̀, kò sì dé Ṣàgámù tó fi bímọ sínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Ọmọ yè, ìyá yè. Ṣùgbọ́n Kareemat, tó sáré tẹ̀ lé wọn lórí ọ̀kadà kejì, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́yìn tó gé ìwọ́ tán, ó sì sunkún. Ojoojúmọ́ ló ń lọ wo tíṣà Látífàt nílé. Ohun kan ló wà lọ́kàn rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀: kí ọkọ̀ yẹn padà dé kí ti Látífàt tó bẹ̀rẹ̀.

Sátidé ni ẹgbẹ́ òṣèlú fẹ́ ṣe àyẹ̀wò àwọn tó fẹ́ dupò alága ní Abẹ́òkúta. Ọnárébù fẹ́ lọ sáà kejì. Ìwé sọ ọ́ kedere pé wọ́n á ti ilẹ̀kùn ní aago méjìlá ọ̀sán, ẹni tó bá pẹ́, ó ti yọwọ́. Láti Ṣàgámù sí Abẹ́òkúta, wákàtí kan ti tó. Aago mẹ́sàn-án ló yẹ kí wọ́n gbéra, ṣùgbọ́n Sàláwù ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ ya fọ́tò pẹ̀lú táńkì. Aago mẹ́wàá kọjá kí wọ́n tó lọ. Ọnárébù wọ agbádá funfun tó fẹ̀ tó ìjókòó méjì.

Ilé epo mẹ́rin ni wọ́n kọjá. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Hàrúnà á rọra, á wo ojú dígí. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Ọnárébù á rò pé nítorí àtijuwọ́ ni, á sọ gíláàsì sílẹ̀. Kí wọ́n tó dé Síún, ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́.

"Dísù ti tán, sà," ni Hàrúnà wí.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ wo ọkùnrin yìí. Dísù tó máa gbé e dé Sókótó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó fara kàn án, kò sì ní ẹ̀kán kan tó máa gbé e kọjá Síún.

"Mọ́ṣúdù ní pátákó yẹn ni ká yọ," ni Hàrúnà wí. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni."

"Lónìí?" Ohùn Ọnárébù wálẹ̀. "Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yẹ orúkọ mi wò, ìwọ fẹ́ yọ orúkọ mi?"

"Àwọn ọ̀tá ló rán Hàrúnà yìí, sà," ni Sàláwù wí. "Mo ti ń fura sí i. Kì í sọ̀rọ̀."

Wọ́n rán Sàláwù padà sí ilé epo tó kẹ́yìn. Ó yá kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ vọ́kanáísà kan, ó gun ọ̀kadà lọ. Ọmọbìnrin tó ń ta epo níbẹ̀ wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, bọ̀dá, a kì í tà sí kẹ́ẹ̀gì."

"Alága ló ni ín."

"Alága ló ṣòfin ẹ̀ náà." Ó fi ọwọ́ hàn án lára ògiri, ìwé náà rèé, Sàláwù fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. "Wọ́n ní wọ́n á ti ilé epo wa pa. Bàálé ilé mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́, bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́."

Ibi tí Ọnárébù dúró sí tí òógùn ti rin agbádá rẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù kan ti rọra dúró. Alhaja Sàdíátù yọ orí.

"Bọ̀wálé, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"A kàn ń sinmi ni, Alhaja."

"Ọjà Láfẹ́nwá là ń lọ. Àyè wà lórí àpò obì. Ó mọ́, mo tẹ́ ẹní sí i."

Ó kù ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mọ́kànlá lù. Bó bá gun orí àpò obì yẹn, ì bá dé Abẹ́òkúta ṣáájú àkókò, mi ò sì ní ní ìtàn tí mo máa sọ. Ó wo àpò, ó wo agbádá rẹ̀, ó sì rántí ẹ̀rín èèyàn méje tàbí mẹ́jọ.

"Ẹ máa lọ, Alhaja. A máa lé yín bá."

"Ó dáa, ọmọ mi," ni Alhaja wí, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Sàláwù padà dé lọ́wọ́ òfo. Ọnárébù ṣì ń rò ó. Ó rò ó títí aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ẹ̀rù wá bà á gidigidi. Ó pa á láṣẹ fún Hàrúnà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan pátákó náà, ó ká agbádá sókè dé àyà, ó gun ọ̀kadà. Sàláwù gun òmíràn. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógún ni Atúnlùúṣe Àkọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà, eruku pupa ti bò ó dé ìpéǹpéjú.

Wọ́n ti tilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ gígùn, akọ̀wé ẹgbẹ́ yọjú. "Kí ló dá yín dúró, Ọnárébù?"

"Dísù ló tán."

Akọ̀wé náà wò ó dáadáa. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣí táńkì irinwó lítà lọ́sẹ̀ tó kọjá? Mo rí i lórí fóònù mi."

Ẹnì kan nínú ilé gbọ́, ó sọ fún ẹnì kejì. Ẹ̀rín tó jáde látinú gbọ̀ngàn yẹn, kì í ṣe èèyàn méje tàbí mẹ́jọ mọ́. Wọ́n ti fi orúkọ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Olúṣẹ́gun ṣe olùdíje, tíṣà fẹ̀yìntì kan tó ti wọ mọ́tò èrò dé láti àná. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Sàláwù ti bá Olúṣẹ́gun ya fọ́tò mẹ́ta.

Hàrúnà ńkọ́? Ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà títí ọ̀kadà alága fi wọ kọ́nà. Nígbà náà ló mú fóònù jáde, ó pe Mọ́ṣúdù. Mọ́ṣúdù dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó tú súkúrù mẹ́jọ, ó fi ọ̀bẹ gé gọ́ọ̀mù yí ká. Bí pátákó ṣe là báyìí, táńkì fa èémí kan gùn, fúùù, wọ́n sì gbọ́ bí dísù ṣe ń sàn lọ sísàlẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó wọnú páìpù ẹ́ńjìnnì nígbà tí dísù tán jáde, Hàrúnà yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dáhùn.

"Abẹ́òkúta ni?" ni Mọ́ṣúdù béèrè.

Hàrúnà yí ọkọ̀ padà, ó dorí kọ Ìlárá. Ayọ̀ tó bá mi nígbà tí mo gbọ́ ibi tí ìtàn yìí dé, mi ò lè fi pamọ́.

Kareemat kò pariwo nígbà tí wọ́n wọlé. Ó ní kí Mọ́ṣúdù bá òun gbé nǹkan yẹn kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, Mọ́ṣúdù sì gbé e. Dísù inú rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sídìí jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn, kí fìríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí lè máa ṣiṣẹ́ dọdún tuntun. Ó lọ gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ lára ògiri, ó gbọ̀n ọ́n, ó tẹ́ ẹ padà.

Ó ṣì ku oṣù márùn-ún kí Ọnárébù kúrò lórí àga, ó sì gbà pé àṣẹ òun kò tíì tán. Ó kọ lẹ́tà kan pé kí wọ́n dá ọkọ̀ ìjọba padà láàárín wákàtí kan. Kò rí ẹni tó máa bá a gbé e lọ. Àwọn kánsẹ́lọ̀ ní ara àwọn ò yá, Sàláwù kò gbé fóònù. Ọjọ́ Ajé, ó gbé e lọ fúnra rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ìrọbí mú Látífàt. Kareemat ti tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀, ó jókòó tì í, ó dì í lọ́wọ́ mú. Hàrúnà ṣáná. Bí wọ́n ṣe yọ sí ojú ọ̀nà, alága rèé láàárín títì, ó na lẹ́tà sókè, ó na ọwọ́ kejì síwájú. Fún ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀, kò sí ohun tó na ọwọ́ yẹn sí tí kò dúró.

Hàrúnà fun fèrè lẹ́ẹ̀kan. Ọnárébù kò kúrò. Ó rí ojú Hàrúnà nínú gíláàsì, ó sì ń retí ìgbà tí ọkọ̀ máa rọra. Ọkọ̀ kò rọra. Ó retí díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni Atúnlùúṣe Àkọ́kọ́, Olóyè, Alàgbà, Dókítà, fò sínú gọ́tà tòun ti agbádá, ọkọ̀ sì kọjá lọ sí Ṣàgámù.

Ọmọbìnrin ni Látífàt bí. Dókítà tó gbà á sọ pé ìdajì wákàtí ló kù fún wọn. Ìyá àti ọmọ wà lálàáfíà. Mo ti rí ọmọ náà, ó sanra.

Ọnárébù gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí ìwà ọ̀tẹ̀ awakọ̀ náà. Kánsẹ́lọ̀ mẹ́ta ló jókòó, akọ̀wé kan ń kọ ọ́, Ọnárébù fúnra rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú báńdéèjì lórúnkún. Wọ́n pe Hàrúnà wọlé.

"Hàrúnà, ṣé o kò rí alága lójú ọ̀nà ni?"

"Mo rí wọn, sà."

"Kí ló dé tí o kò dúró?"

"Ẹni tó ń rọbí ló wà lẹ́yìn mi, sà. Mo mọ̀ pé wọ́n máa yà fún un."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Wọ́n sáà yà, sà."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé alága yà, ó fi òǹtẹ̀ kánsù lù ú, ìgbìmọ̀ sì túká.